Bí A Ṣe Ń Ka Èsì Ìdánwò Ìwé Kíkà Ọmọ, àti Ohun tí "Ìwọ̀n Kíláàsì" Túmọ̀ Sí

Ìwé èsì ìdánwò ìwé kíkà kì í gùn, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó yéni. Ojú ewé kan ni lọ́pọ̀ ìgbà, nọ́ńbà mẹ́rin tàbí márùn-ún ló wà lórí rẹ̀, òbí tó bá sì gbà á lọ́wọ́ olùkọ́ á kọ́kọ́ máa wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọmọ yege tàbí pé kò yege. Kò ní rí i. Irú ìdánwò yìí kò jọ ìdánwò ìparí taamu, níbi tí 70 ti ju 60 lọ tí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tó wà lórí ìwé náà ń dáhùn ìbéèrè tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹni tí kò bá sì mọ ìbéèrè tí nọ́ńbà kan ń dáhùn lè máa yọ ayọ̀ tí kò tíì tó àsìkò, tàbí kó máa da ara rẹ̀ láàmú lórí ohun tí kò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé èsì kan ṣe àpẹẹrẹ, kí àlàyé wa lè ní ibi tí yóò dúró lé. Ká ní ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kẹrin ṣe ìdánwò ìwé kíkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé scale score rẹ̀ jẹ́ 512, percentile rẹ̀ jẹ́ 38, grade equivalent rẹ̀ sì jẹ́ 3.4. Lábẹ́ èyí ni gbólóhùn kan wà tó sọ pé ọmọ náà "ń sún mọ́ ìwọ̀n kíláàsì rẹ̀". Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n pín ìwé kíkà sí ẹ̀ka mélòó kan, wọ́n sì kọ "3 nínú 5" síwájú ẹ̀ka tó jẹ mọ́ mímọ ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn ṣùgbọ́n tí kò là sílẹ̀. Ìwé èsì yìí la ó máa padà sí.

Wọ́n fi wé ọmọ mìíràn ni, àbí wọ́n fi wọn ìwọ̀n kan?

Kí ẹ tó gbé nọ́ńbà kankan yẹ̀ wò, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ọmọ mìíràn ni wọ́n fi ọmọ yín wé, tàbí ìwọ̀n kan tí wọ́n ti là kalẹ̀ ṣáájú ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bí ọmọ mẹ́wàá bá sáré, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe ìkẹwàá, bí gbogbo wọn tilẹ̀ mọ eré sá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé igi la fi dábùú fún wọn láti fò kọjá, gbogbo wọn ló lè fò ó, gbogbo wọn sì lè fẹsẹ̀ kọ́ ọ. Percentile àti grade equivalent jẹ́ ti eré sísá. Gbólóhùn "ó ń sún mọ́ ìwọ̀n kíláàsì rẹ̀" àti "3 nínú 5" jẹ́ ti igi fífò. Inú ìwé kan náà ni wọ́n jọ wà, èyí ló sì fà á tí ọmọ fi lè wà lókè àárín ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n á tún sọ pé kò tíì dójú ìwọ̀n: ó ṣeé ṣe kí igi tí wọ́n dábùú ga ju ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ lè fò dé lọ.

Percentile

Percentile 38 kì í ṣe 38 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí gbólóhùn yìí, nítorí kò sí àṣìlóye tí mo máa ń bá pàdé tó o. Mo mọ bàbá kan tó gba tẹlifísàn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ fún odindi oṣù kan nítorí percentile 62. Ó ní ẹni tó gba 62 nínú ìwé kíkà kò tíì ṣe tán. Bẹ́ẹ̀ ohun tí ìwé náà ń sọ fún un ni pé ọmọ rẹ̀ ṣe tó ọmọ 62 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kó jù wọ́n lọ. Bí a bá to ọgọ́rùn-ún ọmọ kíláàsì kan náà láti orí ẹni tí máàkì rẹ̀ kéré jù títí dé orí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù, ibi tí ọmọ náà dúró sí nínú ìlà ni percentile ń tọ́ka sí, 50 sì ni àárín gbùngbùn ìlà náà. Kò sọ iye ìbéèrè tó gbà. Ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí ìdánwò kan le débi pé ẹni tó gba ìdajì ìbéèrè rẹ̀ ni yóò wà ní percentile 80.

Èyí tún ṣe kókó sí i nínú àwọn ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tó máa ń yí ìbéèrè padà bí ọmọ ṣe ń dáhùn. Bí ọmọ bá gba ìbéèrè kan, èyí tó tẹ̀ lé e á le sí i. Bí kò bá gbà á, èyí tó tẹ̀ lé e á rọrùn sí i. Nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ìwé kíkà yọ̀ mọ́ lẹ́nu àti èyí tó ń jà pẹ̀lú rẹ̀ lè jọ gba nǹkan bí ìdajì ìbéèrè tí wọ́n bi wọ́n, nítorí náà bí ìbéèrè tí ọmọ gbà ṣe le tó ni kọ̀ǹpútà ń wò, kì í ṣe iye rẹ̀. Ọmọ lè délé kó sọ pé, "Mo ṣì í púpọ̀," kí èsì rẹ̀ sì dára gan-an.

Ohun méjì mìíràn wà tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn nípa percentile. Àkọ́kọ́ ni pé àlàfo inú rẹ̀ kò dọ́gba. Àárín ìlà ni ọmọ pọ̀ sí jù lọ, nítorí náà ìbéèrè bíi mélòó kan lè gbé ọmọ láti 45 dé 55, ṣùgbọ́n ìrìn láti 89 dé 99 jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Èkejì ni pé ọmọ tó wà ní 38 lọ́dún tó kọjá tó sì tún wà ní 38 lọ́dún yìí kò dúró sójú kan. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rìn, òun náà ń bá wọn rìn. Ó ti kọ́ ohun tí ọmọ ń kọ́ láàrin ọdún kan, àyè rẹ̀ nínú ìlà ni kò yí padà. Àní ọmọ tó bọ́ láti 38 sí 33 náà ti lè kọ́ ohun púpọ̀, ó kàn jẹ́ pé àwọn yòókù yára jù ú lọ díẹ̀ ni.

Scale score ni yóò fi ìyẹn hàn yín. Ó dà bí àmì tí a máa ń fà sára ògiri láti fi mọ bí ọmọ ṣe ń ga sí i: òṣùwọ̀n kan náà ni láti kíláàsì kan dé òmíràn, nítorí náà ẹ lè gbé ti ọdún tó kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọdún yìí kí ẹ sì rí ìdàgbàsókè. Àmọ́ ìdánwò kọ̀ọ̀kan ló ní ògiri tirẹ̀. Nínú PIRLS, ìdánwò àgbáyé tó ti ń wọn ìwé kíkà àwọn ọmọ ọdún kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ láti ọdún 2001, 500 ni àárín òṣùwọ̀n, ìpele mẹ́rin tí wọ́n sì fi ń pín àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti 400, 475, 550 àti 625. Ẹ má ṣe wá gbé 512 tí ìdánwò mìíràn fún ọmọ yín lé orí òṣùwọ̀n PIRLS, kí ẹ wá sọ pé ó ti kọjá àárín àgbáyé.

Nọ́ńbà tí mi ò fẹ́ràn

Grade equivalent ni nọ́ńbà tó dà bíi pé ó rọrùn jù láti lóye, òun náà ló sì ń ṣini lọ́nà jù. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni pé nọ́ńbà tó ṣáájú àmì jẹ́ kíláàsì, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ oṣù nínú ọdún ẹ̀kọ́, nítorí náà 3.4 dúró fún kíláàsì kẹta, oṣù kẹrin. Òbí á wá rò pé ọmọ òun tó wà ní kíláàsì kẹrin yẹ kó padà sí kíláàsì kẹta. Ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ gan-an ni pé máàkì tí ọmọ yìí gbà nínú ìdánwò yìí jọ máàkì tí wọ́n ṣírò pé ọmọ tó wà ní àárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ní oṣù kẹrin kíláàsì kẹta yóò gbà bí òun náà bá ṣe ìdánwò kan náà.

Ẹ yí i padà kí ẹ rí i bó ṣe rí. Ọmọ kíláàsì kẹta kan gba 6.4. Ìdùnnú ṣubú layọ̀ nínú ilé, wọ́n ní ọmọ àwọn lè ka ìwé kíláàsì kẹfà. Àmọ́ iṣẹ́ kíláàsì kẹta ló wà nínú ìdánwò tó ṣe. Kò sí ẹni tó gbé àyọkà kíláàsì kẹfà síwájú rẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé ó mọ iṣẹ́ kíláàsì kẹta dunjú, ìyẹn sì dára, ṣùgbọ́n 6.4 yẹn jẹ́ ohun tí wọ́n fi ìṣirò nà dé iwájú, nígbà mìíràn láìjẹ́ pé ọmọ kíláàsì kẹfà kankan jókòó ṣe ìdánwò náà. Láti ọdún 1981 ni International Reading Association, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ni ní ìwé kíkà, ti ṣe ìpinnu pé kí àwọn olùkọ́ àti àwọn tó ń ṣe ìdánwò jáwọ́ nínú lílo nọ́ńbà yìí. Ó ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ ìwé èsì títí di òní. Bí ẹ bá rí i, ẹ fojú fò ó, percentile ti sọ ohun kan náà fún yín láìsí ewu.

"Ìwọ̀n kíláàsì": ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ méjì

Nígbà tí olùkọ́ bá sọ pé ọmọ "wà ní ìwọ̀n kíláàsì rẹ̀", ó lè ní i lọ́kàn pé ọmọ náà ṣe tó ọmọ tó wà ní àárín kíláàsì náà. Bí ó bá jẹ́ èyí ló ní lọ́kàn, a jẹ́ pé nǹkan bí ìdajì gbogbo ọmọ ni yóò máa wà lábẹ́ ìwọ̀n nígbà gbogbo, bó ti wù kí a kọ́ wọn dáadáa tó, nítorí bí àárín ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá ní kí gbogbo ọmọ wà lókè àárín ń béèrè ohun tí ìṣirò kò lè fún un.

Ìtumọ̀ kejì ni ìwọ̀n tí wọ́n là kalẹ̀: ohun tí wọ́n retí pé kí ọmọ kíláàsì yìí lè ṣe, bíi kó ka àyọkà tó ní ìpínrọ̀ mélòó kan, kó sọ kókó rẹ̀, kó sì fi gbólóhùn inú àyọkà náà gbe ìdáhùn rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ibi tí wọ́n fa ìlà ààlà sí kì í ti inú ìṣirò wá. Àwọn olùkọ́ àti àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ni wọ́n máa ń kó jọ, tí wọ́n á gbé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò, tí wọ́n á sì bi ara wọn pé, "Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dójú ìwọ̀n, ṣé yóò lè dáhùn èyí?" Èrò wọn la ó fi rí ojú ààlà, àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ á sì fọwọ́ sí i. Nítorí náà, ìpinnu ènìyàn ni. Wọ́n lè gbé e sókè, wọ́n lè gbé e wálẹ̀, ọmọ kan náà sì lè dójú ìwọ̀n níbì kan kó má dójú rẹ̀ níbòmíràn láìjẹ́ pé ìmọ̀ rẹ̀ yí padà.

Orúkọ tí wọ́n fún ìpele náà lè ṣini lọ́nà. Ní Amẹ́ríkà, ìdánwò ìjọba àpapọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní NAEP, tó ń lo òṣùwọ̀n láti 0 dé 500. Fún ìwé kíkà kíláàsì kẹrin, ìpele Basic bẹ̀rẹ̀ láti 208, Proficient láti 238, Advanced láti 268. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn tó ń kọ ìròyìn, máa ń túmọ̀ Proficient sí "ó wà ní ìwọ̀n kíláàsì rẹ̀", wọ́n á sì pariwo pé àwọn ọmọ tí kò dé 238 kò mọ̀wé. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà fúnra wọn ló sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, pé ìpele gíga ni Proficient, pé kò sì túmọ̀ sí ìwọ̀n kíláàsì. Bí ìwé èsì bá lo irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹ wá àlàyé ìpele náà ní ẹ̀yìn ìwé tàbí kí ẹ bi olùkọ́ pé, "Kí ni ọmọ tó wà ní ìpele yìí lè ṣe tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò lè ṣe?"

Ẹ béèrè àsìkò pẹ̀lú. Àwọn ìdánwò kan ń fi ìwọ̀n ìparí ọdún wọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì, ìyẹn ni pé wọ́n ń bi í ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ ọ. Ọmọ tó "ń sún mọ́ ìwọ̀n" ní oṣù kìíní lè wà níbi tó yẹ kó wà gan-an.

Kò sí máàkì tó dá ṣáká

Ọmọ inú àpẹẹrẹ wa gba 512. Ká ní ojú ààlà jẹ́ 520. Ṣé ó kùnà? Kí ẹ tó dáhùn, ẹ wá nọ́ńbà kékeré kan tí wọ́n máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì pẹ̀lú àmì àròpọ̀ àti àyọkúrò, tàbí kí wọ́n fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yà á lórí àwòrán. Òun ló ń sọ bí máàkì náà ṣe lè yẹ̀ sókè tàbí sílẹ̀ tó láìjẹ́ pé ìmọ̀ ọmọ yí padà, torí pé ó sùn dáadáa tàbí kò sùn, torí pé àyọkà kan bọ́ sórí ohun tó fẹ́ràn, torí pé ó fojú dá ìdáhùn mélòó kan tó sì bọ́ sí i. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 8, ohun tí ìdánwò náà ń sọ ni pé ó ṣeé ṣe kí máàkì gidi ọmọ yìí wà láàrin 504 sí 520, bí ìgbà méjì nínú mẹ́ta. Ó ti fọwọ́ kan ojú ààlà nìyẹn. Kò sí olóòótọ́ tó lè búra pé ó wà ní ìhà ìhín tàbí ìhà ọ̀hún.

Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ó bá gba 512 lóṣù kìíní tó sì gba 508 lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Kò já wálẹ̀. Àlàfo mẹ́rin kéré sí ohun tí òṣùwọ̀n náà lè fojú rí.

Ibi tí èyí ti ń ṣeni léṣe jù ni ìsàlẹ̀ ìwé, níbi tí wọ́n ti pín ìwé kíkà sí ẹ̀ka. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ máa ń sọ pé ọmọ tó bá gba ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ti mọ ẹ̀ka náà dunjú. Bí ìbéèrè márùn-ún péré bá wà níbẹ̀, 4 nínú 5 jẹ́ ìdá 80, 3 nínú 5 jẹ́ ìdá 60. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà láàrin "ó mọ̀ ọ́n dunjú" àti "kò tíì mọ̀ ọ́n". Bí ìdáhùn mẹ́rin bá sì wà tí ọmọ á mú ọ̀kan nínú wọn, ẹni tí kò mọ nǹkan kan ní àǹfààní kan nínú mẹ́rin láti bọ́ sí èyí tó tọ̀nà. Nítorí náà, èmi kì í ka ẹ̀ka tí ìbéèrè rẹ̀ kò tó mẹ́wàá sí ìdájọ́. Mo máa ń kà á sí ìtọ́ka pé níbẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ohun tí à ń pè ní ìmọ̀ dunjú gbọ́dọ̀ hàn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, nínú àyọkà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sì ti wà láàrin wọn.

Ẹ jókòó ti ọmọ náà, kó kàwé fún yín

Ọmọ méjì lè gba 512 kan náà kí ìṣòro wọn máà jọra rárá. Ní ọdún 1986, àwọn onímọ̀ méjì, Gough àti Tunmer, ṣe àlàyé kan tí mi ò tíì rí èyí tó rọrùn tó o: wọ́n ní ìwé kíkà jẹ́ ìsọdipúpọ̀ ohun méjì, ìyẹn títú lẹ́tà pè di ọ̀rọ̀, àti gbígbọ́ èdè náà ní àgbọ́yé. Nítorí pé ìsọdipúpọ̀ ni, bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, òdo ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ kan lè gbọ́ ìtàn yé bí a bá kà á sí i létí, àmọ́ kó máa kọsẹ̀ lára ọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń kà á fúnra rẹ̀. Òmíràn lè ka ìwé geere bí akéwì, kó má sì lè sọ ohun tó kà. Ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n nílò kò jọra, ìwé èsì kò sì ní sọ èyí tí ọmọ yín jẹ́ fún yín. Ẹ lè rí i fúnra yín láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ wá àyọkà tí ọmọ kò tíì rí rí, tó bá kíláàsì rẹ̀ mu, tó sì tó ọ̀rọ̀ 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ní ẹ̀dà tiyín lọ́wọ́ àti pẹ́ńsù. Ẹ sọ fún un pé kó kà á sókè bó ṣe máa ń kàwé, kì í ṣe eré ìje, kí ẹ wá wo ìṣẹ́jú kan lórí aago. Ọ̀rọ̀ tó fò, ọ̀rọ̀ tó fi òmíràn rọ́pò, àti ọ̀rọ̀ tó dúró tì fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta tí ẹ fi bá a pè é, àṣìṣe ni wọ́n. Èyí tó ṣì tó sì tún un ṣe fúnra rẹ̀ kíákíá, èyí tó pè lẹ́ẹ̀mejì, àti èyí tó fi ohùn àdúgbò rẹ̀ pè, ẹ má kà wọ́n sí àṣìṣe.

Ẹ wo bó ṣe ń rí lójú ìwé. Àyọkà sọ pé: "Ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, ó sì gbé àpótí rẹ̀ sórí." Ọmọ kà á pé: "Ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀ láti inú oko, ó sì gbé àpò rẹ̀ sórí." Àṣìṣe méjì ni nínú ọ̀rọ̀ 12, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ẹni tó fi "àpò" rọ́pò "àpótí" ń tẹ̀ lé ìtàn, ojú rẹ̀ ló yára ju lẹ́tà lọ. Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ láti inú oko tí kò sì dúró bi ara rẹ̀ pé báwo ni ènìyàn ṣe ń sọ̀kalẹ̀ láti inú oko ti gé okùn ìtàn, ó kàn ń pe ọ̀rọ̀ ni. Ẹ sàmì sí irú àṣìṣe kejì yìí lọ́tọ̀, òun ló níye lórí jù nínú gbogbo ohun tí ẹ máa kọ sílẹ̀. (Kí ẹ sì rí i dájú pé àmì ohùn wà lórí àyọkà Yorùbá tí ẹ bá lò, bí wọ́n bá kọ "ọkọ" láìlámì, ẹ̀bi ọmọ kọ́ bí ó bá pè é ní ọkọ́.)

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní ọmọ inú àpẹẹrẹ wa ka ọ̀rọ̀ 104 láàrin ìṣẹ́jú kan nínú àyọkà èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ṣe àṣìṣe 8. Ó ka ọ̀rọ̀ 96 bó ṣe yẹ. Ẹ fi 104 pín 96, ẹ ó rí nǹkan bí ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ gbà pé láti ìdá 95 sókè, ọmọ lè dá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Láti 90 dé 94, ó lè kà á bí olùkọ́ bá wà nítòsí. Bí kò bá tó 90, ìwé náà le jù fún un. Ní ti ìyára, ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ méjì, Hasbrouck àti Tindal, gbé jáde ní ọdún 2017 fún èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ọmọ tó wà ní àárín ẹgbẹ́ rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ 94 tó kà bó ṣe yẹ láàrin ìṣẹ́jú kan ní ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì kẹrin, ó sì ń dé 133 ní ìparí rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé nọ́ńbà wọ̀nyí lé èdè mìíràn. Nínú Yorùbá, "ó", "ń", "a" àti "sì" jẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ọmọ tó ń ka Yorùbá yóò ka ọ̀rọ̀ púpọ̀ láìjẹ́ pé ó yára ju ẹnikẹ́ni lọ.

Àyọkà kan ṣoṣo kò tó o. Ẹ lo mẹ́ta, kí ẹ sì mú máàkì tó wà láàrin, kì í ṣe èyí tó pọ̀ jù tí ẹ̀ ń fẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì sọ pé, "Sọ ohun tí o kà fún mi." Ẹ má bi í ní ìbéèrè, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ká ní ọmọ wa sọ orúkọ àwọn ènìyàn inú ìtàn, ó sọ ohun tí wọ́n ṣe létòlétò, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ wá bi í pé kí ló dé tí ọkùnrin náà fi padà sílé láìkí ẹnikẹ́ni, ó ní, "Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀." Ẹ ti rí ọ̀nà. Ìyára rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí náà kí a máa fi ìṣẹ́jú-àáyá lé e kiri kò ní ràn án lọ́wọ́. Àṣìṣe rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ jù, ó sì ń ka ohun tí kò yé e kọjá láìdúró. "3 nínú 5" tó wà ní ìsàlẹ̀ ìwé èsì sì bá ohun tí ẹ gbọ́ mu. Bí ẹ bá sì ka àyọkà mìíràn sí i létí tó dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láìlọ́ra, òye rẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń ṣì pè ló ń gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá lè dáhùn rẹ̀ nígbà tó ń fetí gbọ́ náà, ẹ mọ̀ pé lórí èdè àti ìmọ̀ nípa ohun tí àyọkà ń sọ ni iṣẹ́ wà. Fún ọmọ tí wọ́n ń fi èdè kejì dán wò, ẹ tún ka ọ̀kan sí i ní èdè tó gbọ́ jù, kí ẹ tó sọ pé òye ni kò ní.

Bí ẹ bá lọ rí olùkọ́

Ẹ mú ìwé tí ẹ sàmì sí lọ́wọ́ lọ, inú olùkọ́ tó mọṣẹ́ yóò dùn sí i ju ẹjọ́ lọ. Ẹ bi í ní iye tí máàkì lè yẹ̀ sókè sílẹ̀, bóyá ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tàbí ti ìparí ọdún ni wọ́n lò, ibi tí ojú ààlà wà, àti iye ìbéèrè tó wà nínú ẹ̀ka tí wọ́n ní ọmọ kò tíì mọ̀ dunjú. Ẹ béèrè bó ṣe pẹ́ tó kí ọmọ tó parí ìdánwò. Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà máa ń pa á mọ́, ọmọ tó sì fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ ṣe ohun tí àwọn yòókù fi ogójì ìṣẹ́jú ṣe kò kà á rárá, bóyá ó sì tọ́ kó tún un ṣe. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni èyí: "Kí ni ẹ máa kọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ yìí tí ẹ kò ní kọ́ ọ bí kì í bá ṣe ti èsì yìí?" Bí olùkọ́ bá ní ìdáhùn sí i, ẹ bá a dé ọjọ́ kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ tí ẹ ó tún gbọ́ ìwé kíkà ọmọ náà, pẹ̀lú àyọkà tuntun tó le tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ náà, iye ọ̀rọ̀ tó kà bó ṣe yẹ, iye àṣìṣe tó gé okùn ìtàn, àti ohun tó sọ nígbà tó ń ròyìn, sí ẹ̀yìn ìwé èsì náà gan-an, lábẹ́ 512.